Ohùn Tó Ń Wúkọ́

Wọ́n ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní Ọlọ́run ní iṣẹ́ tirẹ̀, èmi náà ní tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ dárí ji ẹni tó fi àbúrò rẹ̀ ṣeré, kó máa dárí jì í lọ, kò sí èmi níbẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o.

Ilé ìfọṣọ la ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Èmi wà lókè, nídìí áyọ́ọ̀nù, pẹ̀lú Ìyá Ìbejì, àgbà obìnrin kan tí etí òsì rẹ̀ ti di tipẹ́tipẹ́. Àbúrò mi wà nísàlẹ̀, nínú yàrá abẹ́ ilé tí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ wà. Ihò onígun mẹ́rin kan wà lára ògiri lókè tí wọ́n fi páànù tẹ́ nínú títí dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ la máa ń ju aṣọ ìdọ̀tí gbà. Ọ̀fun là ń pè é.

Ọ̀fun ní òfin tirẹ̀. Nígbà kan, àpò aṣọ ibùsùn kan já lu ẹnì kan lọ́rùn níbẹ̀, ọrùn náà kò sì nà tán títí tó fi fiṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni Màmá, ìyẹn obìnrin tó ni ilé ìfọṣọ, ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju aṣọ láìkọ́kọ́ pariwo sínú ọ̀fun pé, "Ìsàlẹ̀ o!" Ẹni tó wà nísàlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Jù ú sílẹ̀!" Ẹni tí kò bá dáhùn kíákíá, Màmá á bú u títí dé orí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Àbúrò mi kì í jẹ èébú yẹn. Bó wà nídìí ẹ̀rọ tó jìnnà jù, kó o tó pa ẹnu dé, "Jù ú sílẹ̀!" ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi tètè mọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn láìsí ẹni tó pè é, ńṣe là ń yìn ín. A ó wà lórí iṣẹ́ wa, kò sẹ́ni tó la ẹnu, a ó ṣàdédé gbọ́ "Jù ú sílẹ̀!" láti ìsàlẹ̀. Màmá á ní, "Ẹ wo ọmọ tí iṣẹ́ wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè yìí, àfi oúnjẹ." Inú mi á dùn. Nínú ilé mìíràn, bí ọmọkùnrin bá ń dá afẹ́fẹ́ lóhùn, wọ́n á ti gbé e dìde lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú ilé tiwa, òṣìṣẹ́ tó dára jù lọ ló dà.

Ẹnì kan péré ló mọ̀ pé nǹkan ò lọ déédéé. Kòsábàwọ́n ni.

Iṣẹ́ Kòsábàwọ́n ni kó yọ àbàwọ́n lára aṣọ ká tó jù ú sísàlẹ̀. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun gan-an, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ìgò oríṣiríṣi. Ohun tó máa ń wí fún àwọn oníbàárà ló di orúkọ mọ́ ọn lára: "Kò sábàwọ́n tí ọwọ́ mi ò ká." Mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Epo ni o, ẹ̀jẹ̀ ni o, yínkì ni o, á jáde. Ṣùgbọ́n òórùn àwọn òògùn yẹn ti ba àyà rẹ̀ jẹ́. Kò lè sọ gbólóhùn kan láìkọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀, kẹ̀hẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Aláwàdà ni. Ó jù mí lọ dáadáa, Bùrọ̀dá ni mo ń pè é, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú wa. Ẹni tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rédíò, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́ igbe rẹ̀, ó wá di ẹni tó ń pa rédíò. Kò wẹ̀ mọ́ àfi tí mo bá pariwo. Èèyàn á sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò ní í yí padà. Bó bá sọ̀rọ̀, orí ọṣẹ lá ti bẹ̀rẹ̀, á bọ́ sórí bàbá wa tó ti kú, á bọ́ sórí nọ́ńbà ara ẹnu ọ̀nà, kò ní í padà sórí ọṣẹ. Ọ̀lẹ ni mo pè é. Mo ní, "Ṣé bí o ó ṣe máa rùn bí ewúrẹ́ nìyí?" Kò bínú. Ó kàn ń wò mí.

Lẹ́yìn náà ni kò jẹun mọ́. Ó ní wọ́n ti fi nǹkan sí i. Mo ní ta ni? Ó ní wọ́n ní kí òun má sọ. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, Màmá sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìdí tí aṣọ kò fi gòkè, ó sì bá a níbi tó jókòó sí láàárín ẹ̀wù àwọn oníbàárà pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Gbogbo bọ́tìnì ara wọn ló ti gé. Ó kó wọn sínú korobá, ó da omi gbígbóná lé wọn lórí. Ó ní kí ojú wọn lè fọ́ ni, torí wọ́n ń wo òun, wọ́n sì ń lọ ròyìn òun.

Igbe Màmá ló kó gbogbo wa sísàlẹ̀. Kòsábàwọ́n ló ká ọwọ́ àbúrò mi sẹ́yìn. Ó ń mi orí tàánútàánú. Ó ní, "Kẹ̀hẹ̀. Ọmọ dáadáa, ọmọ dáadáa. Ayé le o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ ṣé, Ọlọ́run á san án fún yín." Mi ò tíì mọ̀ pé èmi ni Ọlọ́run máa rán níṣẹ́ ọ̀hún.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní ilé ìwòsàn jẹ́ obìnrin sísanra kan tó máa ń fi ìgò ojú rẹ̀ há irun, kó tó máa wá a kiri. Ó pe orúkọ àìsàn náà fún mi, sikisofiréníà. Orúkọ tó gùn bí okùn ìsáṣọ. Mo ní, "Ẹ kúkú sọ pé wèrè ni, kó yé mi."

Ó ní, "Wèrè kì í ṣe orúkọ àìsàn, èébú ni. Ẹ jókòó."

Ó ní àwọn àmì kan wà nínú àìsàn yìí tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń wá kún èèyàn. Ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó sì ń dún létí aláìsàn ketekete bí ohùn èmi àti ẹ̀yin yìí. Ìgbàgbọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀, tí àlàyé kankan kò lè ṣí nídìí, bíi ti bọ́tìnì. Ọ̀rọ̀ tí kò so kọ́ra mọ́. "Àwọn yẹn ni gbogbo ayé máa ń rí, àwọn ni wọ́n máa ń sá fún. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń yọ nǹkan kúrò lára èèyàn. Wọ́n á yọ ẹ̀rín lójú, wọ́n á yọ ìfẹ́ ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, wọ́n á yọ agbára tó fi ń dìde lọ wẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn yìí ló máa ń ṣáájú. Ọ̀lẹ ni àwọn ará ilé máa ń pè é."

Ilẹ̀ ni mò ń wò. Mo bi í bóyá èèyàn méjì ló wà nínú àbúrò mi, torí mo ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.

"Rárá o. Ẹnì kan ṣoṣo ni, àbúrò yín náà ni. Bó ṣe ń bà yín lẹ́rù yẹn, ẹ̀rù ń bà á jù yín lọ."

Ó wá fún wa ní òfin kan, ó sì sọ ọ́ níwájú àwa méjèèjì. Òògùn yóò ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè má pa gbogbo ohùn náà tán. Bí àbúrò mi bá gbọ́ nǹkan tí kò dá a lójú, kó fọwọ́ kan etí, kó bi mí. Kí èmi náà má bá a jà, kí n má sọ pé irọ́ ló ń pa, torí ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Kí n sáà sọ ohun tí etí tèmi gbọ́. Mo gbọ́, tàbí mi ò gbọ́. Nígbà tí àbúrò mi jáde, nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ má parọ́ fún un o, kódà kó jẹ́ irọ́ àánú. Ọjọ́ tó bá já a pé ẹ parọ́, ẹ ti di ọ̀kan lára àwọn ohùn yẹn nìyẹn."

Mo gbà. Ìgbà tí mo sọ pé mo gbà, tọkàntọkàn ni.

Nígbà tí òògùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn níbẹ̀, àbúrò mi wá ń ka àwọn ohùn rẹ̀ fún mi bí ẹni ń júwe àwọn tí wọ́n jọ gbé yàrá. Ọkùnrin méjì wà tí wọ́n kàn ń sọ ohun tó ń ṣe: ó ti gbé korobá, ó ti jókòó, ẹ wò ó bó ṣe jókòó. Obìnrin kan wà tó ń bú u. "Ẹnì kan sì wà tó jẹ́ pé inú ọ̀fun nìkan ló máa ń gbé. Ìyẹn máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Òun ló ní wọ́n ti fi nǹkan sóúnjẹ mi. Òun ló sọ fún mi nípa bọ́tìnì." Ó fọwọ́ kan etí. "Àǹtí mi, ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn rí?"

Mo mọ ikọ́ yẹn. Ohùn inú àìsàn kì í fa òórùn òògùn símú. Kí ló fẹ́ máa fi ikọ́ ṣe?

Mo rí i kedere pé bí mo bá sọ òótọ́ fún un, á bi Kòsábàwọ́n, Kòsábàwọ́n á sẹ́, gbogbo wọn á ní wèrè ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ẹni tó máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ. Mo wo àbúrò mi lójú, mo ní, "Mi ò gbọ́ ọ rí. Àìsàn ni."

Ó mi orí. Ó gbà mí gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo bi Ìyá Ìbejì níbi tí a ti ń lọṣọ. Ó ní, "Kòsábàwọ́n? Bó o bá ti gbé aṣọ lọ sí káńtà, á ti orí bọ ọ̀fun, á máa sọ nǹkan, á máa rẹ́rìn-ín. Etí mi ò gbé ohun tó ń wí. Mo rò pé òun àti àbúrò rẹ ń ṣàwàdà ni." Mo ní, "Àwàdà ni, Mà." Mo ń lọ aṣọ mi lọ. Mo jó kọ́là ẹ̀wù kan lọ́jọ́ yẹn, èyí tí mi ò ṣe rí.

Nígbà tí mo tún dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ kó sọ fún mi pé ọkùnrin yẹn ló fi àìsàn náà ṣe é. Mo fi ẹ̀gbẹ́ kan béèrè. Mo ní, bí ẹnì kan bá ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ibi tí kò ti lè rí i ńkọ́? Ó wá ìgò rẹ̀ lórí, ó fi wò mí. "Ìyẹn ò lè fún un ní àìsàn yìí. Àìsàn náà ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ki igi bọ iná kò lè ní òun ò mọ̀ nípa jíjó ilé. Ta ni?"

Mo ní mo kàn ń béèrè ni.

Àbúrò mi padà síbi iṣẹ́. Màmá kò kọ́kọ́ fẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ó wá ní, "Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá tún ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn, mi ò ní í bá a jà, mi ò ní í bú u, ilé ló máa lọ." Iṣẹ́ yẹn ni ayé àbúrò mi. Ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ déédéé, ó sanra díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí rédíò. Nígbà mìíràn á gun àtẹ̀gùn wá sẹ́nu ọ̀nà wa, á fọwọ́ kan etí. "Ṣé ẹ gbọ́?" Mo lè ní, "Mo gbọ́, Màmá ló ń pè ọ́." Mo lè ní, "Mi ò gbọ́." Èyíkéyìí tí mo bá sọ, ojú rẹ̀ á wálẹ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, á sì padà sídìí ẹ̀rọ.

Kòsábàwọ́n ń kí i dáadáa. "Kẹ̀hẹ̀. Ọmọ dáadáa, ara ti yá?" Àbúrò mi á wò ó, á wo ilẹ̀.

Mo ń dúró de àyè mi. Ọ̀sán ni mo rí i. Bí àbúrò mi bá lọ jẹun nínú àgbàlá, Kòsábàwọ́n máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ fi ọwọ́ rẹ aṣọ sílíkì nínú bàsíà tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀fun, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ fọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Tábìlì rẹ̀ á ṣófo. Áyọ́ọ̀nù á máa fọn ooru, Ìyá Ìbejì á kọ etí tó ti di sí mi. Mo rìn lọ, mo tẹ orí wọnú ọ̀fun, mo fi èémí lásán sọ ọ́.

"Kòsábàwọ́n. Ó ṣì wà níbẹ̀."

Omi dẹ́kun dídún nísàlẹ̀. "Kẹ̀hẹ̀. Ta nìyẹn?"

Mo ti padà sídìí áyọ́ọ̀nù mi. Kò pẹ́, ó gòkè wá pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, ó ń wá àbàwọ́n. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ó dùn mọ́ mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Láti ìgbà náà, mi ò fi sílẹ̀. N kì í ṣe é lójoojúmọ́, kó má bàa mọ ìgbà tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Kòsábàwọ́n wá di ẹni tó ń fọ ohun tó ti mọ́. Ó fọ ẹ̀wù funfun ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kan títí fọ́nrán fi já. Màmá gbé e dání, ó ní, "Kòsábàwọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ yìí ò ní àbàwọ́n mọ́, kò sì ní àyà mọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú dí etí. Lọ́jọ́ kan ó tọ Ìyá Ìbejì lọ, nínú gbogbo èèyàn tó wà láyé, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?" Ìyá Ìbejì ní, "Kí lo wí?" Mo ní láti fi aṣọ oníbàárà dí ẹnu.

Àwọn awakọ̀ tó ń wá kó aṣọ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa pe, "Ta nìyẹn?" kí ó lè fò sókè. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Mo jẹ́ kó mọ̀ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí wọ́n ń wò.

Ọjọ́ tó bàjẹ́, òjò ń rọ̀. Ẹni tó lórí pípé ìbá ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń jẹun nínú àgbàlá lábẹ́ òjò. Ìkà kì í jẹ́ kéèyàn wo ojú ọ̀run. Mo ti orí bọ ọ̀fun bí mo ṣe máa ń ṣe é, mo ní, "Kòsábàwọ́n. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo rí ọ."

Igbe ló tẹ̀ lé e. Kòsábàwọ́n sáré gòkè, ó fa àbúrò mi lọ́rùn ẹ̀wù, ọwọ́ rẹ̀ sì ń kán omi ọṣẹ. Màmá ti káńtà sáré wọlé.

"Òun ni! Kẹ̀hẹ̀. Òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí! Mo bá a níbi tó ṣápamọ́ sí lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń gbẹṣọ! Màmá, wèrè rẹ̀ ti padà, òun ló fẹ́ kó ràn mí!"

Àbúrò mi kò bá a jà. Abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ tó ń gbẹṣọ ló móoru jù nílé náà, ibẹ̀ ló jókòó jẹun sí nítorí òjò. Màmá wò ó, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ sì gbọ́."

Èmi ni àbúrò mi kọjú sí. Ó fọwọ́ kan etí.

"Àǹtí mi, ohùn obìnrin kan ni. Ó ní ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ní òun rí mi. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀kan lára àwọn tẹ́lẹ̀, tuntun ni." "Ṣé ẹ gbọ́?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Bí mo bá ní mi ò gbọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Kòsábàwọ́n á máa fọ aṣọ títí á fi fọ ọwọ́ ara rẹ̀ bó. Ṣùgbọ́n àbúrò mi á gbà pé àìsàn ti bí ohùn tuntun, á lọ sílé, á tún pa rédíò. Mo wo Kòsábàwọ́n bó ṣe ń gbọ̀n. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ mi, mo fẹ́ kó máa gbọ̀n bẹ́ẹ̀ títí ayé. Ó dùn mí láti fi í sílẹ̀.

Mo ní, "Mo gbọ́. Èmi ni mo sọ ọ́."

Kòsábàwọ́n ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Ìwọ? Kí ni mo ṣe fún ẹ? Ṣé o fẹ́ sọ mí di wèrè ni?"

"Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti kọ́ ọ." Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pe ọkùnrin yẹn ní ìwọ. "Ìwọ lo kọ́kọ́ ti orí bọ ọ̀fun. Ta ló sọ fún un pé wọ́n ti fi nǹkan sóúnjẹ rẹ̀? Ta ló sọ fún un pé bọ́tìnì ń wò ó?"

"Eré ni!" Ó wo Màmá, ó wo Ìyá Ìbejì, ó ń wá ẹni tó máa bá a rẹ́rìn-ín. "Eré lásán ni mò ń bá a ṣe! Mo ní, 'Ìsàlẹ̀ o, bọ́tìnì ń wò ẹ́ o,' ó sì dáhùn pé, 'Jù ú sílẹ̀.' Ta ni ò ní í rẹ́rìn-ín? Ṣé mo mọ̀ pé á lọ gé e ni?"

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Òun ló dojú kọ gbogbo oníbàárà tí aṣọ wọn kò ní bọ́tìnì, òun ló bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ìwọ lo dì í lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ yẹn. Ò ń mi orí."

Kòsábàwọ́n fẹ́ fèsì. Ọ̀rọ̀ kò wá, ikọ́ nìkan ló wá. Kẹ̀hẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni àbúrò mi ń gbọ́ ikọ́ yẹn lókè, ṣùgbọ́n mo ti ní ti inú ọ̀fun, àìsàn ni. Àbúrò mi gbé ojú sókè lọ́ra. Ó wo ẹnu ọkùnrin náà. "Òun ni," ó ní. "Ẹni tó ń wúkọ́."

Màmá lé Kòsábàwọ́n lójú ẹsẹ̀, nínú òjò, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nínú àpò. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo wò ó títí òjò fi bò ó mọ́ mi lójú. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Bó bá padà wá lónìí, màá tún ṣe é. Ohun tí mo ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì yí padà láti bá àbúrò mi yọ̀.

Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí, ó gbé abọ́ rẹ̀ lé orúnkún. Kò wò mí.

"Mo bi yín ní ilé ìwòsàn," ó ní. "Mo ní, ẹni tó ń wúkọ́, ṣé ẹ gbọ́ ọ rí? Ẹ ní àìsàn ni."

Mo ní, "Mi ò gbọ́ ọ lóòótọ́."

"Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀."

Mo na ọwọ́ kí n bá a gbé abọ́ náà.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀, Àǹtí mi?"

Mo ní, "Bó o ṣe sọ ọ́ báyìí ni mo mọ̀. Mo fẹ́ gbẹ̀san fún ẹ ni. Nítorí rẹ ni gbogbo rẹ̀."

Ó rò ó wò. Kò bínú, bí kò ṣe bínú nígbà tí mo pè é ní ewúrẹ́. Ó ní, "Mo gbàgbọ́ pé èmi ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀. Mo máa ń jí lóru, mo máa ń bi ara mi pé irú orí wo lorí mi yìí tó lè ṣẹ̀dá ikọ́." Ó dìde, ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Mo lọ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Mo rò pé á bú mi, mo ti ń múra èsì. Kò bú mi. Ó yọ ìgò lórí, ó ń nù ún. Ó ní, "Ta ló wá máa bi báyìí?"

Màmá ti fòfin de ohùn nínú ọ̀fun. Agogo kékeré ló so síbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú okùn. Lókè á fà á, ìsàlẹ̀ á fà á padà, aṣọ á lọ. Ilé náà ti dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbúrò mi ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó ń lo òògùn rẹ̀, ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń jẹ oúnjẹ tí mo sè. Ẹni tó bá rí wa á ní kò sí nǹkan kan.

Láìpẹ́ yìí, ó gun àtẹ̀gùn wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Mo ti rí i ní ojú rẹ̀, mo ti gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo ti tẹ́tí kó tó béèrè. Kò sí nǹkan kan, àfi ooru tó ń fọn. Ó fọwọ́ kan etí. Ó kọjá níwájú mi, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ìbejì.

"Mà, ṣé ẹ gbọ́?"

"Kí lo wí?"

Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ohùn sókè. "Mo ní, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?"

Ìyá Ìbejì pa áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó yí etí ọ̀tún, èyí tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, sí ọ̀nà ọ̀fun. Ó di ojú kó lè gbọ́ dáadáa. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan o, ọmọ mi."

Ojú àbúrò mi wálẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mà," ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Èmi tí etí mi méjèèjì pé, ẹ̀gbẹ́ wọn níbẹ̀ ni mo dúró sí. Aṣọ ẹnì kan wà níwájú mi, mo gbé áyọ́ọ̀nù, mo ń lọ̀ ọ́ lọ.